Bí a ṣe ń fi oúnjẹ ṣe aago oògùn ọgbẹ́ inú

Oṣù méjì gbáko ni mo fi lo omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú, lódìlódì. Mà á jẹ ẹ̀bà tán, mà á ṣanwọ́, mà á ju kápúsù kan sẹ́nu, mà á fi omi tì í. Àyà ò yéé ta mí, omi kíkan ò yéé rú wá sọ́nà ọ̀fun mi lóru. Mo ti ń sọ fún ará ilé pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún mi.

Ọjọ́ tí mo wá kó ìbínú lọ sílé oògùn, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà, tí kò lè ju àbíkẹ́yìn mi lọ, kò bá mi fa ọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, kí ẹ tó jẹun lẹ máa ń lò ó ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ ni o. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń lo oògùn nìyẹn?"

"Eléyìí ò gba bẹ́ẹ̀, Dádì. Bí ẹ bá ti jí ni kí ẹ lò ó, kí ẹ wá fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo yí padà lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kejì ò tíì parí tí mo fi sùn mọ́jú, èyí tí n ò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Àṣìṣe yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, oúnjẹ ni aago rẹ̀. Oògùn tó yẹ kó ṣáájú oúnjẹ wà, èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e wà, èyí tó yẹ kó jìnnà sí oúnjẹ àti sí oògùn mìíràn náà wà. Bí a bá da gbogbo wọn mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kàn náwó lásán ni. N kì í ṣe dókítà o. Iye oògùn àti iye ọjọ́ tí ẹ máa fi lò ó, ọwọ́ dókítà yín nìyẹn wà. Wákàtí ni tèmi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì sórí tábìlì. Mo ní gbogbo rẹ̀: èyí tí dókítà kọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní irin nínú), fítámì tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, oògùn ara ríro tó wà nínú àpò aṣọ, àgbo tó wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí a kì í kà sí oògùn gan-an ló sábà máa ń da ètò rú.

Ẹ mú bírò. Lára páálí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ "ṣáájú oúnjẹ" tàbí "lẹ́yìn oúnjẹ". Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ gbé e lọ sílé oògùn kí wọ́n bá yín kọ ọ́. Kí ẹ sì béèrè ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. "1 × 2" túmọ̀ sí ẹyọ kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo mọ bàbá kan tó ń gbé méjì mì pọ̀ láràárọ̀ nítorí "1 × 2" yìí, tí alẹ́ rẹ̀ sì ṣófo.

Ìgbésẹ̀ kejì: omeprazole ló ń ṣáájú

Omeprazole ní àwọn ẹbí: esomeprazole, lansoprazole, rabeprazole, pantoprazole. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n ń dín ásíìdì inú kù kí ọgbẹ́ lè ráyè jinná. Ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ ni àsìkò tó bá omeprazole mu jù, pàápàá oúnjẹ àárọ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú ògiri àpòlúkù, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tó ń tú ásíìdì jáde bí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nígbà tí inú bá ṣófo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn ni. Oúnjẹ ló ń jí wọn. Omeprazole ò sì lè rí èyí tó ń sùn mú, èyí tó bá ti jí tó ń ṣiṣẹ́ ló lè tì pa. Òun fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀; láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá ti lọ sin gbèsè rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ: àsìkò tí onígbèsè bá wà nílé lèèyàn ń kan ilẹ̀kùn. Bí oògùn bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí òkèlè àkọ́kọ́ tó wọnú, ó máa bá wọn nílé. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ lẹ lò ó, oúnjẹ á dá a dúró lójú ọ̀nà. Ìgbà tó bá fi máa dé, onígbèsè ti jáde.

Ẹ tú kápúsù kan sínú abọ́ lọ́jọ́ kan kí ẹ wò ó. Ẹ máa rí àwọn hóró kéékèèké tó rí róbótó bí ẹyin ẹja. Nǹkan kan wà tí wọ́n fi bo ara hóró kọ̀ọ̀kan, torí pé ásíìdì tí oògùn náà fẹ́ lọ bá jà lè kọ́kọ́ ba òun alára jẹ́. Inú ìfun ni ìbora yẹn ti ń yọ́, ibẹ̀ loògùn ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e padà wá sí ògiri àpòlúkù. Nítorí náà, ẹ má rún un lẹ́nu, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má ré e sínú ẹ̀kọ gbígbóná. Bí kápúsù bá tóbi jù fún ọ̀fun yín, ẹ sọ fún apògùn, ó mọ èyí tó ṣeé tú àti bí wọ́n ṣe ń gbé e mì.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó ń tètè jáde nílé. Wọ́n á gbé oògùn mì ní aago márùn-ún ìdájí, wọ́n á sáré lọ bá ọkọ̀, aago mọ́kànlá ni wọ́n máa tó jẹ ìrẹsì. Oògùn ti lọ kí oúnjẹ tó dé. Bí ẹ ò bá lè jẹun nílé, ẹ gbé oògùn náà dání, kí ẹ lò ó níbi iṣẹ́ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 30 kí ẹ jẹun. Bí oúnjẹ àárọ̀ yín bá jẹ́ aago mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni oògùn yín.

Bí dókítà bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣáájú oúnjẹ alẹ́ ni ìkejì. Ẹ má fi í sí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Kí ẹ sì ṣe sùúrù fún un. Ojoojúmọ́ ló ń rí díẹ̀ sí i tì pa, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó mọ agbára rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń wá kiri nígbà tí inú bá ń ta á lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oògùn kòkòrò

Nílé tiwa, wọ́n á ní àìjẹun lásìkò ló ń fa ọgbẹ́ inú, tàbí ata, tàbí ìrònú. Ata lè ta ọgbẹ́, ebi lè jẹ́ kó ké, àmọ́ ohun méjì ló sábà máa ń dá a sílẹ̀: kòkòrò kan tó ń jẹ́ H. pylori, àti oògùn ara ríro. Àwọn dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ló rí kòkòrò yẹn mú ní 1982. Àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́, ni Marshall bá bu kòkòrò náà mu lọ́dún 1984 kó lè fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, inú rẹ̀ sì wú, èébì sì ń gbé e. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2005. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni mu kòkòrò o, àmọ́ bí wọn ò bá tíì yẹ̀ yín wò fún un, ẹ béèrè.

Bí wọ́n bá rí i, oògùn púpọ̀ ni wọ́n máa kọ pọ̀, ọjọ́ 14 ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ni omeprazole pẹ̀lú amoxicillin àti clarithromycin. Metronidazole, tí a mọ̀ sí Flagyl, náà máa ń wà níbẹ̀. Ètò rẹ̀ ò le: omeprazole ṣáájú oúnjẹ, àwọn oògùn kòkòrò bí ẹ bá ṣe ń jẹun tán, láàárọ̀ àti lálẹ́. Oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí èébì gbé yín. Clarithromycin á jẹ́ kí ẹnu korò bí ẹni tó lá kọ́bọ̀. Ẹ fara dà á, á lọ. Ẹni tó ń lo oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, irú simvastatin, kó sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ clarithromycin, torí àwọn méjèèjì ò bára wọn gbé.

Metronidazole àti ọtí ò gbọ́dọ̀ pàdé. Títí oògùn á fi tán, àti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fẹnu kan ọtí. Mo ní láti sọ ọ́ pé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Ẹni tó bá ní òun ò mu ọtí, àgbo lásán lòun mu, èébì ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Tetracycline, oògùn kòkòrò mìíràn, wà nínú ètò tí àwọn dókítà kan ń kọ, òun àti oògùn ọgbẹ́ inú kan tó ń jẹ́ bismuth. Wàrà, oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn olómi funfun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí máa ń dì í mú kó má lè wọ ara. Ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn, ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oògùn olómi funfun

Èyí ni gbogbo wa mọ̀ jù, olómi tó dà bí ẹfun tí wọ́n pò, tàbí hóró tí wọ́n ń rún lẹ́nu. Magnesium, aluminium tàbí calcium ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń pa ásíìdì tó ti wà nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kì í wo ọgbẹ́ sàn fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá mu ún nígbà tí inú ṣófo, àpòlúkù á tú u sísàlẹ̀, á tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí ẹ bá mu ún ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, oúnjẹ á bá yín gbé e dúró, ó lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Ìgò kan náà, owó kan náà. Nítorí náà: wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn bí dókítà bá ní bẹ́ẹ̀. Ẹ mi ìgò náà dáadáa, torí ìdí ìgò ni oògùn gangan ń sùn sí. Bó bá jẹ́ hóró, ẹ rún un títí kó kúnná kí ẹ tó fi omi sìn ín.

Òun náà ni ọ̀tá àwọn oògùn yòókù. Ó ń dì wọ́n mú nínú ìfun. Wákàtí méjì ló yẹ kó wà láàárín òun àti ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn. Àwọn kan ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń lo ciprofloxacin, oògùn kòkòrò, tàbí dolutegravir tí àwọn tó ní HIV ń lò, kó lo ìyẹn ní wákàtí méjì ṣáájú olómi funfun, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Levothyroxine, oògùn táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, wákàtí mẹ́rin ni tirẹ̀.

Sucralfate yàtọ̀ sí i, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Òun ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ bí àtẹ̀mọ́, inú òfìfo ló sì fẹ́: wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ.

Ẹnìkan á sọ pé, wàrà ńkọ́? Wàrà tútù ń tuni lára díẹ̀ lóòótọ́, èmi náà mu ún títí. Àmọ́ oúnjẹ ni wàrà, òun náà ń jí àwọn onígbèsè yẹn. Tó bá yá, ásíìdì á tún rú jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì

Ọgbẹ́ inú tó ti ṣẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ara dín, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ń kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún. Irin ló wà nínú rẹ̀. Irin fẹ́ràn inú tó ṣófo, wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ tàbí wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, fítámì C sì ń ràn án lọ́wọ́. Tíì, wàrà, calcium àti olómi funfun kì í jẹ́ kó wọlé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé irin fúnra rẹ̀ ń ta àpòlúkù. Bí ẹ bá lò ó tí inú sì ń kan yín, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀. Èyí tó wọlé lè dín, ó sì sàn ju kí ẹ gbé e jù sí kọ̀rọ̀ lọ. Omeprazole náà lè dín bí irin ṣe ń wọ ara kù, torí ásíìdì ló ń bá irin ṣe é kó lè wọlé. Bí ẹ̀jẹ̀ yín ò bá lé lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ rán dókítà létí pé ẹ ń lo méjèèjì.

Calcium tí wọ́n kọ "carbonate" sí lára, oúnjẹ ni kẹ́ ẹ fi sìn. Èyí tí wọ́n kọ "citrate" sí ò bìkítà. Fítámì B12, ìgbà tó bá wù yín. Ẹni tó bá ti ń lo omeprazole lọ́dún dé ọdún, B12 àti magnesium ara rẹ̀ lè máa lọ sílẹ̀, kó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò dá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti bismuth máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ìyẹn ò léwu. Èyí tó léwu ni ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ṣàjèjì. Bí ẹ bá rí ìyẹn, tàbí ẹ bi ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹ bi nǹkan tó rí bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, tàbí inú ṣàdédé le gbagidi bí pákó tí òógùn tútù sì ń bò yín, ẹ má dúró ka aago oògùn kankan. Ilé ìwòsàn ni, ìbáà jẹ́ ààjìn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn ara ríro

Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, aspirin. Aspirin wà nínú ìyẹ̀fun Alabukun náà. Àwọn èèyàn gbà pé bí wọ́n bá ti jẹun yó kí wọ́n tó lò ó, kò sí wàhálà. Oúnjẹ ń dín títa rẹ̀ kù lóòótọ́, àmọ́ kò dáàbò bo ẹni tó ní ọgbẹ́, torí oògùn wọ̀nyí tún ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sọ ògiri àpòlúkù di aláìlágbára. Paracetamol ni kí ẹ dì mú fún orí fífọ́ àti ara ríro. Bó bá jẹ́ dókítà ọkàn ló fi yín sórí aspirin, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ ní ọgbẹ́ inú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: omeprazole ń dín agbára rẹ̀ kù, dókítà lè yí omeprazole sí òmíràn nínú àwọn ẹbí rẹ̀.

Bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ

Tèmi rèé nígbà tí mo wà lórí oògùn ọjọ́ 14. Aago márùn-ún ààbọ̀, omeprazole pẹ̀lú ife omi kan. Mà á wẹ̀, mà á gbálẹ̀ iwájú ilé. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, oògùn kòkòrò tẹ̀ lé e. Aago mẹ́wàá, oògùn ẹ̀jẹ̀, omi lásán ni mo fi ń sìn ín. Aago kan, oúnjẹ ọ̀sán. Bí inú bá ń ta mí, olómi funfun ní aago méjì. Aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, omeprazole kejì. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15, oúnjẹ alẹ́ àti oògùn kòkòrò. N kì í dùbúlẹ̀ ṣáájú aago mẹ́wàá.

Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí, àyàfi tí àsìkò ìkejì bá ti sún mọ́lé. Nígbà náà, ẹ fi èyí tí ẹ gbàgbé sílẹ̀. Ẹ má gbé méjì pọ̀ láti fi dí i.

Nígbà ààwẹ̀

Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń ta á gidi, kó má gbààwẹ̀. Àlùkùránì fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn, nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 184. Ẹni tí dókítà bá gbà láyè, ètò rẹ̀ ò ṣòro: nígbà ìṣínu, ẹ fi omi gbé omeprazole mì, ẹ lọ kírun Màgíríbì, ìgbà tí ẹ bá fi máa jókòó ti oúnjẹ, ìṣẹ́jú bí i mélòó kan ti lọ, ẹ jẹ́ kó pé 30. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń lò ó, ẹ tètè jí ṣáájú sààrì kí ẹ lo ìkejì. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbà kò ní ètò kankan tí mo lè bá yín ṣe, torí kò sí oúnjẹ níbẹ̀ tí oògùn máa ṣáájú. Ẹ lọ bá dókítà àti pásítọ̀ yín sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí oògùn bá tán

Kí ara yá ò sọ pé kòkòrò ti kú. Nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn oògùn kòkòrò, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí ẹ lè dá omeprazole dúró, torí ó lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀ kí àyẹ̀wò sọ pé kò sí, nígbà tó ṣì wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ásíìdì lè rú padà. Mo rántí pé ọjọ́ kẹrin ló le jù fún mi. Olómi funfun ni mo fi rọ́jú dé ọjọ́ àyẹ̀wò, wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.